Ikọ́ ọmọ mi kì í tán: ṣé àìtó fítámínì D ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ọmọ mi ti pé oṣù 14. Bí ikọ́ kan bá lọ, òmíràn á tún dé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní fítámínì D rẹ̀ kò ju 14 ng/mL lọ. Wọ́n fún wa ní oògùn tí à ń kán sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá èyí tó lágbára, kí n fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè tètè yá. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Kabul, olú-ìlú Afghanistan, lára ọmọ ọwọ́ tó lé ní 3,000: 100,000 IU (IU ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn fítámínì) ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Kò dín òtútù àyà kù. Bí fítámínì D bá sì pọ̀ jù lára, kálísíọ̀mù á kún inú ẹ̀jẹ̀: ọmọ á máa bì, ìgbẹ́ á há, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Òótọ́ ni pé 14 kò tó. A fẹ́ kó tó 20, ó kéré tán. Ara ń lo fítámínì yìí láti ṣe ohun ìjà tó fi ń pa kòkòrò àrùn. Tó bá sì ti pẹ́ tí kò tó, eegun ìhà á rọ̀, àyà ò ní lágbára láti ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Bí ọrùn ọwọ́ ọmọ yín bá nípọn, tàbí kókó kókó tò sí ìhà rẹ̀, ẹ fi han dókítà.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín: fítámínì D kì í ṣe oògùn ikọ́. Ìwọ̀n kékeré ojoojúmọ́ lè ran ọmọ tí tirẹ̀ kò tó lọ́wọ́ díẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń fi ìwádìí tuntun kún un ni èrè náà ń kéré sí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ní ọ̀fìnkìn mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́dún. Nítorí eegun rẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ má dáwọ́ oògùn náà dúró. Ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi; fítámínì D kì í sábà pọ̀ nínú omi ọyàn ìyá.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ fi ń kán an. Nínú oògùn kan, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni 400 IU. Nínú òmíràn, odindi 1 mL ni. Èyí tó bá oògùn wá nìkan ni kí ẹ lò.

Tí ikọ́ bá tún dé, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tó bá ń sùn, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá tó 40, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.