Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Ìwé ara ògiri àti ọ̀nà Máàsì

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló fún mi ní ìwé kan, Aelita, tí Aleksey Tolstoy ará Rọ́ṣíà kọ, tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìtàn àwọn tó rìnrìn àjò lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ni. Bébà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìrìnàjò tí mò ń retí, kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé. Wọ́n dé ọ̀hún tán, ọmọbìnrin kan tún jókòó, ó ń pa ìtàn àtijọ́ fún wọn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé yìí ní Rọ́ṣíà nìyí, àbí òǹkọ̀wé yẹn kàn fi mí ṣeré ni? (Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìwé kíkà, bàbá. Kò fi yín ṣeré. Ohun tó ṣe yín yìí ṣe èmi náà rí, àfi pé èmi kò rí ẹni tí mo lè bi.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé Yunifásítì Patrice Lumumba ní Moscow, èdè Rọ́ṣíà nìkan la kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún gbogbo àwa àlejò: ọdún kan gbáko fún èdè, kí oníkálukú tó bọ́ sídìí ẹ̀kọ́ tó bá wá. Olùkọ́ wa, obìnrin kúkurú kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì lu tábìlì, mú ojú-ewé àkọ́kọ́ Aelita wá, ó ní ká há a sórí. Mo há a. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá kà á fún yín: ní òpópónà Krasnye Zori ní Petrograd, bébà kékeré kan tó ní àwọ̀ eérú wà lára ògiri ilé tó ti ń bó. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀njiníà M. S. Los ń pe ẹni tó bá fẹ́ bá a fò lọ sí Máàsì lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹjọ, kó wá rí òun láàárín aago 6 sí 8 ìrọ̀lẹ́, etí odò Zhdanovka, ojúlé 11, nínú àgbàlá.

“Nínú àgbàlá” yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọkùnrin tó fẹ́ kúrò láyé ń bẹ̀rù kí àlejò má lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Nígbà tí mo jáde síta ilé tí a ń gbé ní òpópónà Miklukho-Maklaya ni mo wá mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti rí i mú. Gbogbo ibùdókọ̀, gbogbo òpó iná, bébà ló kún un. Ẹnìkan fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ẹnìkan ń wá yàrá, ológbò ẹlòmíràn sọnù. Wọ́n á gé ìsàlẹ̀ bébà náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà fóònù sára ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i já tirẹ̀ lọ. Lójú ará ibẹ̀, kò sí ohun tó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ló wá sọ Máàsì di ibi tí èèyàn lè wọ bọ́ọ̀sì dé.

Ẹ fi wé tiwa. Àwa á kọ́kọ́ ké “Ààlọ́ o!”, ẹ̀yin á dáhùn “Ààlọ̀!”, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ìjàpá lè fọhùn láti ìsinsìnyí lọ. Irú ìwé yìí kì í ké ààlọ́. Kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ayé òótọ́ parí sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ṣiyèméjì nínú yín, Tolstoy ti wá aṣojú fún un: Skiles, oníròyìn ará Amẹ́ríkà, tó ka bébà náà, tó sì gba ilé Los lọ láti bi í ní gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀yin ìbá bi í. Nígbà tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá fi máa kúrò níbẹ̀, agbára káká lẹ fi máa lè jiyàn mọ́.

Ní ti ìrìnàjò, òótọ́ lẹ sọ, kò pẹ́. Wọ́n kó sínú ọkọ̀ tó rí bí ẹyin, ó di Máàsì. Bó bá jẹ́ ọ̀nà gan-an lẹ fẹ́, Konstantin Tsiolkovsky ni kẹ́ ẹ wá lọ. Olùkọ́ ilé-ìwé bíi tèmi ni, ní ìlú Kaluga, etí rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di láti kékeré. Ní 1903 ló tẹ ìṣirò bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe lè gbéni kúrò láyé jáde. Ó wá kọ ìtàn kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1920, níbi tí àwọn èèyàn ti ń léfòó nínú òfurufú. Kò sí ohun tí kò ṣàlàyé: bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbin ewébẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni oorun gbé mi lọ lórí ìwé náà.

Tolstoy kò bá ti ọ̀nà wá. Ó fi Los, ọkùnrin oníláákàyè tí aya rẹ̀ kú, ṣe ẹnìkejì Gusev, ṣọ́jà tí ogun ti tán tí ara rẹ̀ kò gbà á jókòó sílé. Gusev ń fọ́nnu pé òun ti dá orílẹ̀-èdè mẹ́rin sílẹ̀. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù ló dì wọ ẹrù rẹ̀. Wọ́n dé Máàsì tán, ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i pé Máàsì ti di ara Rọ́ṣíà. Èmi ò mọ bí ẹ ṣe rí i, bàbá, èmi á bá Gusev jẹun, màá jẹ́ kí Los dá tirẹ̀ jẹ.

Ó wá ku ọmọbìnrin tó ń pa ìtàn. Ẹ padà lọ ka ìrọ̀lẹ́ méjèèjì yẹn. Ohun tí Aelita ń sọ ni pé nígbà tí Atlantis, ilẹ̀ ayé wa kan inú ìtàn àtijọ́, rì sómi, àwọn kan sá níbẹ̀ wá sí Máàsì, wọ́n sì bá àwọn onílẹ̀ ṣe mọ̀lẹ́bí. Àwọn àlejò wa fò títí, ìtàn ilé wọn ni wọ́n lọ gbọ́ lẹ́nu ọmọ onílé! Ẹ rántí ibi tí Tolstoy wà nígbà tó ń kọ ọ́: Berlin, ní Jámánì, ó ti sá kúrò nílùú rẹ̀. Ó fara balẹ̀ kọ orúkọ òpópónà Petrograd àti nọ́ńbà ojúlé, òun alára kò sì sí níbẹ̀. Ní 1923, ọdún tí ìwé náà parí nínú ìwé ìròyìn Krasnaya Nov, ó padà sílé. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, lẹ́tà ìyá mi ti pẹ́ kó tó dé láti Iléṣà. Kò sí ìdí kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé ìrìnàjò kúkurú yẹn fún mi mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Tolstoy tó kọ Ogun àti Àlàáfíà ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lev nìyẹn, ó kú ní 1910. Aleksey nìyí, 1883 sí 1945. Mọ̀lẹ́bí tó jìnnà ni wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, ṣé òun ló kọ́kọ́ kọ ìtàn Máàsì ní Rọ́ṣíà? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ó tì. Aleksandr Bogdanov ti ṣe Ìràwọ̀ Pupa jáde ní 1908. Tirẹ̀ ní ọgbọ́n mìíràn: Leonid tó lọ sí Máàsì ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, dókítà kan ló sì fi í ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin ọmọ Fágúnwà, ojú yín ti ríyẹn rí: Àkàrà-ògùn ló rin ìrìn, ẹlòmíràn ló mú kálámù. Dókítà ni Bogdanov fúnra rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, àwọn ará Máàsì máa ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀mí wọn lè gùn. Ó gbà á gbọ́ débi pé ní 1926, òun ni olórí ilé-iṣẹ́ ìfàjẹ̀sínilára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Moscow. Ní 1928, ó bá akẹ́kọ̀ọ́ kan pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yè é. Bogdanov kú.

ÌBÉÈRÈ: Mo wo fíìmù Aelita, àlá ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìwé? (Òǹkàwé, London)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Protazanov tó ṣe fíìmù náà ní 1924 ló sọ ọ́ di àlá. Ọ̀rọ̀ àdììtú tí rédíò gbà níbẹ̀rẹ̀ wá di ìpolówó táyà lára ògiri. Ẹ ṣáà kíyè sí i: bébà ara ògiri ni ìwé fi bẹ̀rẹ̀, bébà ara ògiri ni fíìmù fi parí.

Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó jí lójú oorun. Los padà sí Petrograd, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó wá síbi tí rédíò ti ń gba ohùn láti òkèèrè. Ó gbé ohun ìgbọ́rọ̀ sétí. Ohùn obìnrin kan ń béèrè níbo ló wà, níbo ni Ọmọ Sánmà wà: orúkọ tí Aelita ń pe Los nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìwé dúró sí. Olùkọ́ wa ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ìwé dé, ó ní ká lọ jẹun ọ̀sán.