Báwo la ṣe ń ṣírò èrè igi tí àwọn ọmọ-ọmọ wa ló máa jẹ ẹ́?

Ìbéèrè yín ni pé: ẹ fẹ́ gbin igi sétí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kí àgbàrá má baà máa wọ́ ilẹ̀ lọ. Tí èrè ₦1,000,000 bá máa wọlé lẹ́yìn 50 ọdún, eélòó ni ká kà á sí lónìí?

Ọwọ́ ìdá ẹ̀dínwó ọdọọdún ni ìdáhùn wà, ìyẹn ìdá tí a fi ń dín iye owó ọjọ́ iwájú kù lọ́dọọdún ká lè mọ iye tó jẹ́ lónìí. Ẹ tẹ èyí sórí kọ̀ǹpútà: =1000000/1.03^50. Ní 3%, nǹkan bíi ₦228,100 ni. Ní 10%, ó di ₦8,500. Ní 20%, ₦110 péré ló kù! Iṣẹ́ kan náà ni o, igi kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á fi owó òní ka èrè, wọ́n á tún lo èlé báńkì tí ọ̀wọ́n ọjà ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò. Bí èlé bá jẹ́ 20%, tí ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 15%, ẹ fi 1.15 pín 1.20, kí ẹ yọ 1 kúrò, ìdá gidi jẹ́ nǹkan bíi 4.3%. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo èyí, torí òun ló ń pa iṣẹ́ rere.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo 3.5% fún 30 ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á wá sọ ọ́ di 3% láti ọdún 31 dé 75, torí kò sẹ́ni tó mọ bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí. Ẹ dán ìdá mẹ́ta ó kéré tán wò.

Ẹ ka owó ìbomirin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún méjì àkọ́kọ́ mọ́ ìnáwó, àti ti àwọn igi tó bá kú tí ẹ máa tún gbìn.