Ṣé dandan ni kí Kristẹni ṣètọ́jú ẹni tí kò nílé?

Dandan ni. Aísáyà 58:7 ní ká fún ẹni tí ebi ń pa lóúnjẹ, ká sì mú aláìnílé wọlé. Diutarónómì 14:28-29 tún ya ìdámẹ́wàá ọdún mẹ́ta-mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó (a kì í sábà gbọ́ ibẹ̀ yẹn lórí pẹpẹ).

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, bí ẹ bá rí ẹni tó ń sùn sí ọjà Ouando, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹbí rẹ̀: bí 1 Tímótì 5 ṣe tò ó fún àwọn opó nìyẹn, ẹbí ṣáájú ìjọ. Bí kò bá lẹ́nì kan, ìjọ ló kàn. Ẹ má fi 2 Tẹsalóníkà 3:10 (“ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun”) lé e dànù o. Ẹni tó kọ iṣẹ́ ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò ríṣẹ́.