Èsì: Ṣé kí n ta àgùntàn ìbílẹ̀ kí n fi ra Balami?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ta abo àgùntàn ìbílẹ̀ tí ẹ ní ní Ìkọ̀lé, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra Balami, ẹ̀yà àgùntàn ńlá láti Òkè Ọya, nítorí pé tìbílẹ̀ kò lẹ́ran lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà wọ́n. Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa máa ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí ó ń da ẹran ilẹ̀ gbígbẹ láàmú.

Ẹ lè fi àgbò ẹ̀yà mìíràn gun wọn kí ọmọ wọn lè lẹ́ran lára. Irú rẹ̀ ni Michael Piel ṣe: ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, ó kó àgùntàn tí kò ní irun rírẹ́ wá láti erékùṣù Virgin Islands ní 1957, ó mú wọn gun àwọn ẹ̀yà ẹlẹ́ran bíi Suffolk, ó sì ń ṣa èyí tó dára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí ẹ̀yà tí a ń pè ní Katahdin. Ṣíṣà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Àgbò rírà kò le.

Ẹ wá àgbò Yankasa kan tó lágbára, ìyẹn ẹ̀yà Òkè Ọya tó tóbi ju tìbílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n abo tó ti bímọ rí ni kí ó gùn, torí ọmọ ńlá lè há mọ́ èyí tí kò bí rí. Nígbà òjò, ẹ máa ṣí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, torí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kí inú rẹ̀ funfun: èyí tí inú rẹ̀ pupa láìlo oògùn aràn ni kí ẹ fi ṣe irú, kí ẹ sì ta èyí tó funfun bí ẹfun nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Kí àwọn abo ọmọ náà tó dàgbà, ẹ pààrọ̀ àgbò, kí bàbá má baà gun ọmọ rẹ̀.