Èsì: Ọ̀dà tí kò fẹ́ bó lára Ki-61

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọ̀dà àwọ̀ ewé tí ẹ kùn sára Ki-61 yín, àwòṣe kékeré ọkọ̀ òfurufú ogun Japan ti Ogun Àgbáyé Kejì, kò fẹ́ bó kí fàdákà abẹ́ rẹ̀ lè yọ bí ọ̀dà tó ti gbó. Kì í ṣe hairspray (oje ìfọ́nrun tí a ń fọ́n sáàárín ọ̀dà méjèèjì, kí ti òkè lè bó bí omi bá kàn án) ló kọ̀ṣẹ́. Lacquer thinner (oje líle tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn) tí ẹ ní ẹ fi po ọ̀dà àwọ̀ ewé yẹn ló jẹ wọnú hairspray náà, tí ọ̀dà ewé fi lẹ̀ mọ́ ọ̀dà fàdákà tó wà nísàlẹ̀. Omi ni kí ẹ fi po ọ̀dà ewé náà.

Ẹ jẹ́ kí fàdákà gbẹ fún wákàtí 24, kí ẹ fọ́n hairspray lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kun ọ̀dà ewé tán, kó má ju wákàtí kan lọ kí ẹ tó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha á.

Acrylic (ọ̀dà tó ṣeé fi omi pò) nìkan lèyí wà fún; enamel (ọ̀dà olóròóró) ò ní gbọ́.

Ìdí ìyẹ́ ọkọ̀ náà, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń gùn ún ń tẹ̀, ni kó ti bó jù. Ẹ má ṣojo: ojú ogun ni wọ́n ti kun ọ̀pọ̀ Ki-61, lórí irin lásán.