Ọmọ ọdún 15 tó ń bá mi ṣe búrẹ́dì

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, ààfáà wa. Ilé búrẹ́dì ni mo ní. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 15, máa ń ti ilé-ìwé wá bá mi ṣiṣẹ́ láago méjì ọ̀sán, ó di aago mọ́kànlá alẹ́. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá, mi ò sì jẹ ẹ́ lówó rí. Ẹnì kan ní òfin kò gba wákàtí yẹn. Ọmọ tó ti bàlágà, tí ìrun àti ààwẹ̀ ti di dandan fún, ṣé iṣẹ́ ló máa wá pọ̀ jù fún un?

Ìdáhùn: Wàálékùm sàlámù, Alhaja. Owó tí ẹ ń san, ẹ ṣeun. Wákàtí ló kù.

Àwọn kan rò pé àṣà òyìnbó ni kíka ọjọ́ orí ọmọ kó tó ṣiṣẹ́. Rárá o. Ọmọ ọdún 14 ni Ibn Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ànábì, nígbà tó fẹ́ bá wọn ja ogun Uhud. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá a padà. Nígbà ogun Khandaq ó ti pé 15, ó gbà á. Ẹ óò ní 15 náà ni tiyín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrun ni bàlágà gbé lé e lọ́rùn, kò sọ eegun rẹ̀ di irin. Ànábì kan náà ní kí a má gbé ohun tó ju agbára wọn lọ lé àwọn tó ń sìn wá.

Mo ṣe sálámà tán lálẹ́ ọjọ́ kan nírun Ìṣáì, mo yíjú, ọmọ kan ṣì wà ní ìforíkanlẹ̀, fúláwà létí rẹ̀. Mo rò pé àdúà ló gùn. Oorun ni.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, apá 59, ní ọmọ tí kò tíì pé 16 kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 lọ lóòjọ́. Apá 60 kò gba iṣẹ́ òru fún un rárá. Mẹ́sàn-án ni tiyín, lẹ́yìn ilé-ìwé! Òfin tó ń dáàbò bo aláìlágbára, tí kò ta ko ẹ̀sìn, dandan ni ká tẹ̀lé e. Ìyọ̀ǹda ìyá kò pa á rẹ́. Sàyídínà Usman, kálífà kẹta lẹ́yìn Ànábì, tiẹ̀ kìlọ̀ nínú kútúbà pé kí a má di owó wíwá ru ọmọdé, torí bí kò bá rí i, yóò jalè.

Ẹ jẹ́ kó máa lọ kí Mọ̀gàríbì tó wọlé. Ní ti oṣù tó ti kọjá, ẹ tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ẹ sì bẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀.