Àbàwọ́n tíì lọ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó tún padà wá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi da tíì sórí kápẹ́ẹ̀tì wa tó ní àwọ̀ eérú. Mo po fínígà, baking soda àti ọṣẹ olómi pọ̀ sínú ike tí a fi ń fọ́n omi. Mo fọ́n ọn sí i dáadáa, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Lójú ẹsẹ̀ ni àbàwọ́n náà lọ, inú mi sì dùn. Nígbà tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó tún yọ, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un ṣe, bákan náà ló ń rí. Ní báyìí ibẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ìyókù àpòpọ̀ tí mo dé pa mọ́ tún ta ìdérí rẹ̀ dànù. Ṣé kí n fi bílíìṣì díẹ̀ kún un ni, àbí kí n kúkú ra kápẹ́ẹ̀tì mìíràn?

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bílíìṣì kún un. Èyí ni mo fi ṣáájú nítorí pé ẹ̀mí yín ṣe pàtàkì ju kápẹ́ẹ̀tì lọ. Bílíìṣì àti fínígà kò gbọdọ̀ pàdé. Bí wọ́n bá pàdé, gáàsì chlorine ni wọ́n ń mú jáde, ó sì máa ń ta ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ náà ni bílíìṣì pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ní ammonia nínú (èròjà olóòórùn líle tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ìfọ̀ kan), àti ìtọ̀ ẹranko tó ti pẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì: gáàsì olóró ni yóò yọ níbẹ̀. Kódà, bílíìṣì nìkan láìpò ó mọ́ nǹkan kan máa ń bó àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ tó bá sì ti bó kì í padà. Tó bá jẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, bílíìṣì á jẹ irun náà fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì tíì ra òmíràn. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí wọ́pọ̀ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ ìfọkápẹ́ẹ̀tì tí mò ń ṣe, ó sì ṣeé tún ṣe. Àbàwọ́n tíì yín kò le rárá. Omi tó pọ̀ jù àti ọṣẹ tí kò kúrò níbẹ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wo bí kápẹ́ẹ̀tì ṣe rí. Okùn kéékèèké tó dúró lóòró ni ẹ̀ ń tẹ̀. Ìsàlẹ̀ wọn ni ẹ̀yìn líle tí wọ́n rán wọn mọ́ wà, nígbà mìíràn fóòmù tún wà lábẹ́ ìyẹn. Bí ẹ bá rọ omi sí i, tíì á bá omi wọ ìsàlẹ̀ lọ, ojú yín kò ní rí i mọ́, ẹ ó sì rò pé ó ti lọ. Àmọ́ nígbà tí òkè bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, okùn náà á máa fa omi ìsàlẹ̀ sókè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Afẹ́fẹ́ á gba omi, tíì á ṣẹ́kù sí ṣóńṣó okùn. Bó ṣe padà yọ nìyẹn. Ó fẹ̀ nítorí pé omi ti tàn kálẹ̀ lábẹ́ lọ́hùn-ún, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún un fọ́n, ńṣe ni ẹ̀ ń fún un ní omi tí yóò fi rìn.

Ti lílẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, ọṣẹ ni. Iṣẹ́ ọṣẹ ni kó di ìdọ̀tí mú. Bí a kò bá ṣan án kúrò, kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró: gbogbo ekuru tí ẹsẹ̀ bá gbé wọlé ni yóò máa dì mú. Láìpẹ́ ojú ibẹ̀ á dúdú, ẹ ó sì máa pè é ní àbàwọ́n tíì nígbà tó jẹ́ pé tíì kọ́.

Ọ̀rọ̀ kù lórí àpòpọ̀ yín. Nǹkan kíkan ni fínígà, baking soda sì ni òdì kejì rẹ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á hó yàà, ìhó yẹn a sì máa dùn ún wò. Ṣùgbọ́n gáàsì carbon dioxide ló ń hó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀, omi àti oríṣi iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sodium acetate ló kù. Agbára fínígà ti pa ti baking soda, ti baking soda náà ti pa ti fínígà. Gáàsì yẹn kan náà ló ta ìdérí ike yín, nítorí náà ẹ má ṣe dé irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ti wúlò.

Èyí tí èmi máa ń pò nìyí: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife méjì, bíi 500 mílílítà, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo, ṣíbí ìmutíì kan, fínígà funfun, ṣíbí ìjẹun kan. Ó tán. Ọṣẹ ṣíbí kékeré kan yìí ló máa ń ṣòro jù fún àwọn èèyàn láti gbà, wọ́n á fẹ́ fi kún un kó lè hó. Ẹ má fi kún un. Ẹ wá ọṣẹ tí kò ní àwọ̀ tó le. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń mú kí aṣọ funfun tàn, èròjà náà á sì dúró sára kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi lásán sínú abọ́ kejì. Apá kan oògùn ìfọ̀ náà ni mo ka omi lásán yìí sí, nítorí pé òun ni yóò kó ọṣẹ jáde.

Kí ẹ tó fi kan ojú ibi tó bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan tí ojú kì í tó. Ẹ kán an síbẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi aṣọ funfun tẹ ibẹ̀. Bí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì bá ràn mọ́ aṣọ náà, ẹ dáwọ́ dúró.

Ní tiyín, ọṣẹ ti pọ̀ níbẹ̀ ná, nítorí náà ẹ má tíì fi òmíràn sí i. Ẹ po fínígà ṣíbí ìjẹun kan sínú omi ife méjì, láìsí ọṣẹ. Ẹ ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ẹ fún un dáadáa kó má máa ro, kí ẹ wá máa fi tẹ ojú ibẹ̀. Láti etí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ ní àárín, kó má bàa tàn sí i. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ ibẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ fi gbogbo ìwọ̀n ara yín sí i, kó lè fa omi náà jáde. Ẹ máa tún un ṣe títí tí ìfóòfòó ọṣẹ kò fi ní yọ mọ́. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe sùúrù fún un. Tí àwọ̀ tíì bá ṣì wà lẹ́yìn èyí, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó wá fi àpòpọ̀ ọlọ́ṣẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi omi lásán tẹ̀ ẹ́ kúrò.

Búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ gbé e tì. Wọ́n ti lọ́ okùn kápẹ́ẹ̀tì láti ilé iṣẹ́. Bí a bá gbo ó, ó ń tú, ó ń ta wúruwùru, ojú ibẹ̀ kò sì ní dà bí ti àyíká rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo lè yọ àbàwọ́n fún oníbàárà, àmọ́ n kò lè lọ́ okùn tó ti tú padà. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Alẹ́ ni iṣẹ́ tó kù. Ẹ ká aṣọ ìnura funfun tó gbẹ ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sórí ibẹ̀, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e. Ìwé ńlá tí ẹ fi ọ̀rá wé dára, kí àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé má bàa ràn. Ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Omi tó bá ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò ní dúró lórí okùn, inú aṣọ ni yóò bá a lọ, tíì á sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣí i láàárọ̀ tí ẹ rí àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ lára aṣọ, ẹ má bẹ̀rù, àbàwọ́n yín ló ti bọ́ sínú rẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù sí ibẹ̀ kó gbẹ dénú. Kápẹ́ẹ̀tì tó bá tutù ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ máa ń hu èbu lábẹ́, òórùn rẹ̀ sì ṣòro lé lọ ju tíì lọ.

Bí òjìji tíì bá ṣì kù lẹ́yìn gbogbo èyí, hydrogen peroxide (oògùn olómi tí wọ́n ń tà nílé oògùn) ìwọ̀n 3% lè pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí gbogbo kápẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa ń lò ó. Ó máa ń ṣí àwọ̀, nítorí náà ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ dáadáa torí àwọ̀ eérú tiyín. Ẹ má fi kan irun àgùntàn. Ẹ fi omi lásán tẹ fínígà kúrò kí ẹ tó lò ó, ẹ má sì po àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí ásíìdì tó ń jó ara ni wọ́n lè dà.

Bí nǹkan mìíràn bá dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà náà yàtọ̀ díẹ̀. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, omi tútù nìkan. Omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ okùn bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò. Tó bá jẹ́ epo, ibí ni baking soda ti wúlò: ẹ kọ́kọ́ ha èyí tó ṣeé ha kúrò, ẹ bu baking soda lé e láìlo omi, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó fa epo náà, kí ẹ gbá a kúrò, kí ẹ tó fi omi ọlọ́ṣẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ti íǹkì, ẹ fi spirit díẹ̀ sórí aṣọ, níbi tí iná kò sí, kí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má dà á sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó lè tú gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtọ̀ ajá tàbí ológbò ni mo fẹ́ kí ẹ má fi ṣeré. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ fa á, kí ẹ fi fínígà àti omi ní ìdọ́gba tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó wọ́n baking soda sí i di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ti pẹ́, tó ti wọ fóòmù, kò sí àpòpọ̀ inú ilé tí mo mọ̀ tó ń ká a. Oògùn ìfọ̀ tó ní enzyme nínú, ìyẹn èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ìtọ̀ palẹ̀, ni kí ẹ rà fún un.

Bí ẹ bá tẹ́ aṣọ sí i ní òru mẹ́ta tí aṣọ náà ṣì ń pọ́n ràkọ̀, a jẹ́ pé fóòmù ìsàlẹ̀ ti mu tíì yó. Ẹ má fi omi kún un mọ́. Ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi sí i fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.